Ọjọ́ Mẹ́rìnlá ní Sri Lanka

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ìwé méjì péré ni, tí àbúrò mi ọkùnrin tẹ̀ jáde ní ófíìsì rẹ̀ ní Addison, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas níbí, tó sì fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ àwọn ibi tó wù ú jù. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló kọ síbẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlú tí yóò sùn àti ohun tí yóò wò. Ọjọ́ kìíní, Colombo, ìsinmi. Ọjọ́ kejì, Anuradhapura, ìlú àwọn ọba àtijọ́. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ kẹrìnlá, tó kọ Dallas sí. Kò sí orí kan nínú Bíbélì tí mo há sórí tó ìwé yẹn, mo sì máa ń ka Bíbélì o.

Nínú ẹbí wa, àbúrò mi nìkan ni mo mọ̀ tó lè rìnrìn àjò láìjẹ́ pé ẹnì kan kú tàbí ẹnì kan ń gbéyàwó. Àwa yòókù, tí a bá gba ìsinmi níbi iṣẹ́, Nàìjíríà náà ni. A ó ru ẹrù ẹlẹ́rù lọ, a ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Òun kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Sri Lanka kan ló jókòó tì í níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe, kàlẹ́ńdà kan sì wà lórí tábìlì ọkùnrin náà tó ní àwòrán àpáta ńlá kan tó dá dúró láàárín igbó. Ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń wo àpáta yẹn. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i.

Ìyá wa ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Sachse láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àbúrò mi á jẹun tán, á palẹ̀ àwo mọ́, á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán han Màámi. Ọmọ Ìdànrè ni Màámi, àpáta kì í jọ wọ́n lójú. Ó fi àpáta orí kàlẹ́ńdà yẹn hàn wọ́n, Sigiriya lorúkọ rẹ̀. Ó ní ọba kan ló kọ́ ààfin sórí rẹ̀ láyé àtijọ́, tó gbẹ́ ẹsẹ̀ kìnnìún sí ẹnu ọ̀nà, tó sì ní kí wọ́n kun àwòrán àwọn obìnrin sára òkúta.

"Àwọn baba tiwa náà gbé orí òkè," ni Màámi wí. "Nígbà tí ọgbọ́n dé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò ní gùn ún, ìsàlẹ̀ lòun á dúró sí wò ó. Ó di dandan kó sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó wọn lọ gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, ó sì dákú sí agbedeméjì. Ẹ̀yìn tíṣà ló bá sọ̀ kalẹ̀. Dókítà ní Àkúrẹ́ ló sọ fún wa pé ọkàn ọmọ náà kò lágbára tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Màámi ti ka òkè léèwọ̀ fún un, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Erin ló wá mú Màámi fẹ́ràn Sri Lanka. Ọjọ́ karùn-ún lórí ìwé, Minneriya. Adágún ńlá kan ni, tí ọba àtijọ́ kan gbẹ́. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi rẹ̀ bá fà, àwọn erin á ti inú igbó lọ́tùn-ún lósì wá mumi níbẹ̀, wọ́n á pọ̀ lọ bí agbo màlúù, ìyá àti ọmọ. Àwa Yorùbá ń fi erin kọrin, a ń fi kí ọba, a ń fi sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n Màámi kò rí erin rí láyé wọn, èmi náà kò sì rí i. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n ń wo ìyá erin kan tí ọmọ rẹ̀ dúró sí abẹ́ ikùn rẹ̀.

"Tí o bá débẹ̀, ya ìyá erin kan fún mi," ni wọ́n wí. "Èyí tó bá kó ọmọ dání."

"Mo ti gbọ́, mà. Ìyá erin kan, tòun tọmọ."

"Má sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò o."

"Mi ò ní sọ̀ kalẹ̀, mà."

Ọjọ́ Sátidé ni bàlúù rẹ̀ yóò gbéra. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú, ó dìde lórí àga ní ófíìsì pé òun ń lọ bu omi mu, ó rìn díẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò dìde mọ́. Ọmọ Sri Lanka yẹn ló ń tẹ àyà rẹ̀ títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òkú kì í ṣe tuntun sí mi. Mo dé ọsibítù, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti pẹ́. Báàgì ìrìn àjò rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà apátímẹ́ǹtì rẹ̀. Èmi ni mo lọ gbé e, ìwé olójú méjì yẹn sì wà lórí rẹ̀.

Nílé wa, kì í ṣe ẹnu ọmọ ni ìyá ti ń gbọ́ ikú ọmọ. Àgbà ló ń túfọ̀ rẹ̀, àgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n á jókòó, tí wọ́n á kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀dá. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá kì í bá wọn débi tí wọ́n bá sin ọmọ rẹ̀ sí. Mo mọ àṣà yìí tipẹ́, mi ò kàn rò pé yóò kàn mí ní Texas ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n Màámi ọkùnrin tó wà ní Houston, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Houston. Wọ́n sunkún lórí fóònù bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n sun ún tán, wọ́n bi mí léèrè ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi.

"Ó ga, sà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ga."

"Má sọ nǹkan kan fún un o. Jẹ́ ká sin ọmọ náà ná. Èmi àti àwọn àgbà á wá bá a sọ ọ́."

"Wọ́n á máa retí ìpè ẹ̀, sà. Kí ni kí n wí?"

Wọ́n ní, "Ṣebí Sátidé ló yẹ kó lọ? Jẹ́ kó lọ."

Èmi obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí mò ń bá dókítà jiyàn lójú aláìsàn, mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Inú ń bí mi sí ẹnu ara mi títí di òní.

Ní àárọ̀ Sátidé, Màámi gbàdúrà ìrìn àjò títí ohùn wọn fi há. Mo ní mò ń lọ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Mo wa mọ́tò jáde, mo páàkì síwájú ilé ìtajà kan ní Garland, mo jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Obìnrin òyìnbó kan kan fèrèsé mọ́tò, ó bi mí bóyá ara mi yá. Mo ní ara mi yá. Mo padà sílé, mo ní ó ti wọ bàlúù.

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun, mà."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní àràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń so ọ̀já ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ Màámi lápá, bí ọ̀já náà bá ti ń wú, mò ń ròyìn. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dára, kò lè pè, àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ìwé rẹ̀ ni mò ń kà. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, mo máa ń wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo ka ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ń ṣàròyé pé òjò pa wọ́n, pé yàrá gbóná, pé ọ̀bọ jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn gbé. Mo mú ọ̀bọ náà, mo fún àbúrò mi. Odindi ọjọ́ méjì ni Màámi fi rẹ́rìn-ín ọ̀bọ yẹn.

Fóònù rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ aṣọ mi, mo sì ń jẹ́ kó máa gba iná. Ìdí ni pé Màámi ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì mọ̀ dáadáa pé tí àmì kékeré méjì tó wà lábẹ́ ohùn náà bá di búlúù, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ti gbọ́. Ọmọ ọmọ wọn ló kọ́ wọn. Nítorí náà mo gbọ́dọ̀ ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbọ́dọ̀ gbọ́. "Ọmọ mi, oògùn ẹ ńkọ́? Ṣé o lò ó?" "Ọmọ mi, má lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí o ò mọ̀." "Ọmọ mi, jẹ ìrẹsì wọn yẹn, ata ò pa Yorùbá." Inú mọ́tò ni mo ti ń gbọ́ wọn, pẹ̀lú fèrèsé tó wà ní títì.

Nígbà tí ọjọ́ karùn-ún pé, Màámi ti jí ṣáájú mi. Erin ni wọ́n ń retí. Mo wá ìyá erin kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú omi tó mù ún dé orúnkún, ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti inú fóònù àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n tó tẹ bọ́tìnnì yẹn, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́. Màámi ní kí ọmọ mi bá wọn gbé e sí ojú fóònù wọn, tó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí iná fóònù bá ti tàn, erin ni.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bá mi nínú gáréèjì lọ́jọ́ náà.

"Mom, this is cruel," ló wí.

Mo ní, "Àṣà wa ni. Àwọn àgbà ló ń tú u."

"Then where are they?"

Mo ní kó lọ múra ilé ìwé. Láti ọjọ́ náà, kò bá wa jókòó sídìí tábìlì àárọ̀ mọ́.

Ọjọ́ keje la sin ín. Lórí ìwé, Kandy ló yẹ kó wà, ìlú kan láàárín òkè, tó ní adágún nínú àti tẹ́ḿpìlì tí wọ́n tọ́jú eyín Búdà sí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màámi láàárọ̀.

"Eyín? Eyín ẹni tó ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó sinmi?"

Mo wọ aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jáde nílé. Aṣọ dúdú wà nínú búùtù mọ́tò, ilé ìwẹ̀ ibùdó epo kan ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Òjò ti rọ̀ sílẹ̀ lálẹ́ àná. Ilẹ̀ apá ibí yìí dúdú, ó sì ń lẹ̀ bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ pọ̀, ó bá bàtà gbogbo wa lọ. Dádì Houston wà níbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn á wá. Nígbà tí mo délé, mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ fi rọ́bà omi fọ bàtà náà. Mo gbójú sókè, Màámi wà lójú fèrèsé.

"Amọ̀ ibo nìyẹn?"

"Wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ níwájú ibi iṣẹ́ wa, mà."

Wọ́n wo bàtà náà, wọ́n ní kí n má gbé e sínú oòrùn, pé á sán.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ara Màámi ń yá. Mò ń wo ẹ̀rọ náà ní àràárọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ń wálẹ̀. Ìrìn àjò ọmọ wọn ń wò wọ́n sàn. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kandy lọ sí Ella, ọkọ̀ tó ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, oko tíì lọ́tùn-ún, oko tíì lósì, àwọn obìnrin nínú oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn, tí wọ́n fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí. Oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ Màámi dàgbà. Wọ́n bi mí bóyá ewé lásán ni àwọn obìnrin náà ń já àbí èso, bóyá oko tiwọn ni àbí oko ẹlòmíràn. Mo ní màá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ wá a, mo padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní ó ní ewé ni, oko ẹlòmíràn sì ni. Màámi mi orí. "Mo ti mọ̀," ni wọ́n wí.

Kí n má purọ́ mọ́, èmi náà ti ń rí i. Mò ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin yẹn ni mo wà, mò ń wo àbúrò mi tó na orí síta, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú. Ó sanra díẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, ó máa ń tó ìṣẹ́jú kan kí n tó rántí ibi tó wà.

Ọjọ́ kẹtàlá, Galle, odi tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ mọ sí etí òkun. Ọjọ́ yẹn ni Màámi kó ẹja jáde láti inú fírísà, wọ́n ní tí ọmọ náà bá dé, ẹja ni àwọn yóò kọ́kọ́ fún un. Mo pe Dádì Houston láti inú mọ́tò.

"Sà, ọ̀la ni ọjọ́ kẹrìnlá. Màámi ti ń yọ́ ẹja."

Wọ́n ní mọ́tò àwọn ń dà àwọn láàmú. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí yóò bá àwọn wá kò sí nílé. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, àbúrò wọn obìnrin kan ṣoṣo tó kù ni.

"Sún un di Sátidé tó ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Fi ọjọ́ díẹ̀ kún un."

Bí ẹni pé ọbẹ̀ ni, tí mo lè bomi lé. Mo sọ fún Màámi pé ó ní ilẹ̀ náà dára, òun ṣì fẹ́ dúró díẹ̀. Wọ́n dá ẹja padà sínú fírísà.

Ìwé ti tán. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo ní ó sinmi sí etí òkun. Ọ̀sán ọjọ́ náà, mo tún wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mò ń wá ohun tó kù ní Sri Lanka, mo sì rí òkè kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Ádámù. Inú mi dùn, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo ní èyí ni yóò mú Màámi lọ́kàn, ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọ́n ti gbọ́ ti Búdà tó. Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti sú ènìyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún, mo so ọ̀já náà mọ́ Màámi lápá, mo tẹ bọ́tìnnì, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó gun Òkè Ádámù. Mo ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ kò lóǹkà, mo ní àmì ẹsẹ̀ kan wà lórí òkúta lókè pátápátá, tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń sọ pé ti Búdà ni, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé ti Ádámù ni, níbi tó ti kọ́kọ́ tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n lé e jáde nínú ọgbà. Mo ní oòrùn yọ bá a lókè. Mo sọ ọ́ dáadáa, mi ò sọ èyíkéyìí dáadáa tó ti ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí mo parí ni mo tó rí i pé Màámi kò wo ẹ̀rọ. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

"Ó gùn ún?"

"Ó gùn ún, mà."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀? Títí dókè?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Èmi nọ́ọ̀sì, tí mo rí ohun tó pa àbúrò mi nínú ìwé ikú rẹ̀, tí wọ́n kọ ọkàn síbẹ̀ gbàgàdà, èmi ni mo mú un gun òkè.

Màámi tú ọ̀já náà fúnra wọn. "Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn tó wá síbí," ni wọ́n wí, "o wà níbi iṣẹ́. Orí àga tí o jókòó sí yẹn lòun náà jókòó sí. Ó ka òkè Ádámù yẹn fún mi, mo ní rárá. Kò jiyàn. Ó fi bíírò pupa pa á rẹ́, ó ní òun á tẹ ìwé mìíràn. Ìwé yẹn wà nínú báàgì ẹ, mo ti rí i, mo rò pé ó tẹ tìẹ fún ẹ ni. Ṣé òkè yẹn wà níbẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, mà."

"Ọmọ yẹn kì í bá mi purọ́. Ta ló wá gun òkè?"

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Ìgbà wo?" ni Màámi wí.

"Ọjọ́bọ̀, mà. Ó ku ọ̀túnla kí bàlúù ẹ̀ gbéra."

Wọ́n fi ìka kà á, láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n fi kà á dé àárọ̀ yẹn. Wọn ò sunkún. Mò ń retí kí wọ́n bi mí ibi tí a gbé e sí, bó ṣe kú, ẹni tó wà níbẹ̀. Wọn ò bi mí ní ọ̀kan nínú wọn.

"A jẹ́ pé kò débẹ̀ rárá," ni wọ́n wí.

"Kò débẹ̀, mà."

"Ọkọ̀ ojú irin yẹn?"

"Kò wọ̀ ọ́, mà."

"Ọ̀bọ tó jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn ni, mà."

Wọ́n na ọwọ́ mú fóònù wọn lórí tábìlì. Iná rẹ̀ tàn, ìyá erin yẹn àti ọmọ rẹ̀ yọ jáde, nínú omi tó mù wọ́n dé orúnkún. Màámi wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá yí i sí mi.

"Èyí ńkọ́?" ni wọ́n wí. "Kò rí èyí náà?"

"Kò rí i, mà."

Ìgbà yẹn ni Màámi tó bú sẹ́kún.